Ọkọ̀ Tó Ń Fi Àyà Wọ́lẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Ìlaròó, ní Ayétòrò, ní Ọjà-Ọ̀dàn, ní Ìpókíá, ní Ìmẹ̀kọ, àti ẹ̀yin ará wa ní Pọ̀bẹ̀ àti Kétu, tí òyìnbó fa ìlà sí àárín àwa àti yín, tí rédíò kò sì rí ìlà kankan níbẹ̀, ẹ tẹ́tí sí mi.

Ìró ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Bí ọkọ̀ yín bá ń ké kò-kò-kò nígbà tí ẹ bá ń rọra gun orí òkúta wẹ́wẹ́, tí ó sì dákẹ́ bí ọ̀nà bá ti dán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀pá sítébíláísà ló ti jẹ. Bí ó bá ké gbì! lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí táyà ṣe já sínú kòtò, tí ẹ gbọ́ ọ nínú eyín kí ẹ tó gbọ́ ọ létí, ṣọ́ọ̀kì ló ti kú, irin ló ń kan irin. Bí ó bá sì ń dún bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ nígbàkígbà tí ẹ bá wọlé sínú rẹ̀ tàbí tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, rọ́bà bọ́ọ̀ṣì ló gbẹ. Àwọn mẹkáníìkì wa kì í pe gbogbo èyí ní orúkọ ńlá kankan. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pè é. "Ọ̀gá, iṣẹ́ ẹsẹ̀ wà lára ọkọ̀ yìí o." Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í sì í ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ akérò. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ eré ni.

Mo gbọ́ ẹ̀rín ẹlòmíràn láti ibi tí mo wà. Ọkọ̀ eré ní Yewa? Níbo ló ti fẹ́ sá a? Ẹ ní sùúrù fún mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní London. Ó ní Mazda MX-5 kan, ọkọ̀ oníjókòó méjì tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí, irú èyí tí àwọn ará Japan bẹ̀rẹ̀ sí í tà lọ́dún 1989, tí wọ́n sì ti ṣe ju mílíọ̀nù kan lọ nínú rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, á gbé e lọ sí Brands Hatch, pápá ìsáré ọkọ̀ kan ní Kent, á san owó, wọn á sì jẹ́ kó sá eré tí ọlọ́pàá kò ní gbà fún un lójú títì. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ yẹn kan náà ló ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Ó wá ra ẹsẹ̀ tuntun fún un: sípíríǹgì tó kúrú tó sì le, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tí èèyàn lè fi ọwọ́ yí orí rẹ̀ kó le tàbí kó rọ̀. Títí débẹ̀, mi ò rí nǹkan kan sọ. Owó rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kẹ́yìn tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi ló gbé mi dìde lórí àga. "Bàbá Kékeré, mo ti ra irú ẹ̀ kejì fún BMW tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Páálí náà ti wà lójú omi. Ẹ bá mi sọ fún mẹkáníìkì yín, mo fẹ́ kí ọkọ̀ méjèèjì lọ sílẹ̀ bákan náà."

BMW tó ń wí yìí, 318 ni, irú èyí tí àwọn olówó wa ń gùn ní nǹkan bí ọdún 1995. Ó rà á nígbà tó wà ní Pólì Ìlaròó níbí. Mazda gan-an ló ti kọ́kọ́ fẹ́ gbé wálé, mo ní kó gbàgbé ẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí ọkọ̀ àwọn ará Britain wà, òfin wa kò sì gba irú ẹ̀ wọlé. Ẹ̀yin àgbà Ìdírókò, ẹ ó rántí pé apá òsì ni àwa náà ń gbà tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Apá ọ̀tún sì ni àwọn ará Dahomey ń gbà lábẹ́ Faransé. Bí awakọ̀ bá ti kọjá bodè, àfi kó sọdá sí apá kejì, kó sì máa rántí títí tó fi máa padà wálé. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ti mu ẹmu díẹ̀ sínú.

Ká padà sórí ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé torí ìdí wa ni wọ́n ṣe ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀, kí ìjókòó má baà máa ta wá. Ìyẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé kí táyà má kúrò nílẹ̀. Ibi tí táyà kan ti kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin ni gbogbo ohun tó di ọkọ̀ mú mọ́ ayé yìí, ìbáà jẹ́ BMW, ìbáà jẹ́ tàsí Owódé. Bíréèkì tó mú ṣinṣin, ẹ́ńjìnnì tó lágbára, inú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yẹn ni gbogbo wọn ń gbà ṣiṣẹ́. Táyà tó bá wà lófuurufú, kò lè yà, kò lè dúró, ó kàn ń yí lásán ni.

Sípíríǹgì ló gbé ọkọ̀ dúró. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á padà sókè; á tún lọ sílẹ̀, á tún padà, bí ọmọdé tó ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì, kò mọ ìgbà tó yẹ kó ṣíwọ́. Ṣọ́ọ̀kì ni ìyá tó wọlé tó ní "Ó tó!" Epo ló wà nínú rẹ̀, epo náà sì ń fi ipá gba inú ihò tóóró kọjá bí ọ̀pá rẹ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ibẹ̀ ni agbára fífò yẹn ti ń di ooru. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà búburú dé, ẹ rọra fọwọ́ kan ara ṣọ́ọ̀kì yín. Ẹ ó mọ ohun tó ti ń bá yín gbé láti àárọ̀.

Bí ẹ bá ní kí sípíríǹgì ọkọ̀ ilé lásán máa fò bó ṣe wù ú, láìsí ìyá yẹn nílé, á lọ sókè sódò bí ìgbà 60 sí 90 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn kò yára tó ìṣísẹ̀ ẹni tó ń rìn, ìdí nìyẹn tí ara wa fi gbà á. Ọkọ̀ eré tó tún ń gba títì á máa fò tó 90 sí 120. Èyí tí wọ́n ṣe fún pápá ìdíje nìkan á ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kí ló dé tí wọ́n ṣe ń fẹ́ kó le tó bẹ́ẹ̀? Torí pé ní pápá, bí ẹ bá fi eré gba ìṣẹ́kọ́nà, gbogbo ìwúwo ọkọ̀ á rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ á tẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, táyà á dúró lórí etí dípò kó dúró lórí àtẹ́lẹsẹ̀. Sípíríǹgì tó le ni kò ní jẹ́ kó tẹ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá sì rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, ìwúwo tó ń rọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà á dínkù. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Òyìnbó kò ya wèrè.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pápá yẹn dán bí àwo tánganran. Ẹ bá mi gbé e wá sí ojú ọ̀nà tí tírélà sìmẹ́ńtì ń gbà láti Ìbèsè, tí ẹsẹ̀ wọn ti gbẹ́ pooro méjì sínú ọ̀dà bí ẹni kọ ebè. Lórí irú ilẹ̀ yẹn, ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le kò ní ráyè tẹ̀ lé ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá lọ sísàlẹ̀, táyà kò ní tètè bá a lọ. Bí ilẹ̀ bá sì yọ gọngọ, odidi ọkọ̀ ló máa fò. Èyí tó ń mú u dúró ní Kent gan-an ló máa gbé e kúrò nílẹ̀ níbí.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Golf ni mo ń gùn nígbà yẹn, Golf 3 aláwọ̀ ewé, ojú ṣì ń dá mi. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan pé ìdí rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Kò bá mi jà. Ó yọ sípíríǹgì ẹ̀yìn, ó fi èyí tó nípọn sí i, mi ò mọ ara ọkọ̀ tí ó ti yọ ọ́ títí di òní olónìí. Ṣọ́ọ̀kì tó ti rẹ̀ ló fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ìdí ọkọ̀ ga. Inú mi dùn. Mo ń ti Ajílété bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gba gálọ́ọ̀pù méjì léraléra, mo sì débi tí ọ̀nà ti fẹ́ yà sí apá òsì. Ìdí ọkọ̀ náà ṣì ń fò láti orí gálọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ nígbà tí mo yí ìdarí. Orí yà, ìdí kò yà. Inú oko ẹ̀gẹ́ ni mo ti sọ̀kalẹ̀, ẹ̀yìn ni mo sì fi wọ ibẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe mí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ ìyá tó ni oko náà ka ebè rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó sì gba owó gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ mi kó tó jẹ́ kí wọ́n bá mi fa ọkọ̀ jáde. Èmi fúnra mi ló jẹ̀bi pẹ̀lú. Mo ra ọmọ tó lágbára, mi ò ra ìyá tó máa kó o níjàánu.

A kò sì lè sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní ilẹ̀ bodè ká má mẹ́nu ba àwọn tó ń tún un ṣe jù lọ. Ẹ mọ àwọn tí mò ń bá wí. Ẹ̀yin aṣọ́bodè, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ la wà lórí ẹ̀. Ọkọ̀ fàyàwọ́, bó bá ń lọ ní òfìfo, ìdí á wà lókè, orí á wà nílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí ọba. Ọmọ ọdún méje ní Ọjà-Ọ̀dàn mọ̀ pé ẹrù ló ń lọ gbé. Bó bá ń bọ̀, á tẹ́jú pẹrẹsẹ, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀. Àpò ìrẹsì kan jẹ́ kílò 50. Ogún àpò jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ sì rèé, èèyàn márùn-ún pẹ̀lú báàgì ọwọ́ wọn, bíi kílò 450 tàbí 500, ni àwọn tó ṣe é ní lọ́kàn. Torí náà, àga ẹ̀yìn á kọ́kọ́ jáde. Wọ́n á wá ki sípíríǹgì kan bọ inú òmíràn, wọ́n á jó irin kún irin. Lóṣù Kẹrin ọdún 2016 ni ìjọba ní ìrẹsì kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Ó di oṣù Kìíní ọdún 2017, wọ́n ní ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ gbabẹ̀. Ó di oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ti gbogbo bodè pa, Ìdírókò kò sì ṣí títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn wẹ́dà wa bóyá iṣẹ́ wọ́n wọn.

Mi ò yin iṣẹ́ náà. Ó ti pa ọmọ ọlọ́mọ lórí àwọn ọ̀nà wa, ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́ ni wọ́n sì sábà ń pa. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ọkọ̀ yẹn, ìrìn-àjò kan péré ni wọ́n tún un ṣe fún, ìrìn àbọ̀. Nígbà tó ń lọ, tí kò sí ẹrù nínú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kò di nǹkan kan mú, ìgbà yẹn gan-an ló sì ń sáré jù. Ẹrù ni wọ́n fi sọ sípíríǹgì yẹn di ènìyàn. Bí ẹrù bá sọ̀kalẹ̀, wèrè ni.

Ọ̀rọ̀ fàyàwọ́ yìí pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo ń múra ètò yìí sílẹ̀. Ẹni tó ń fi àyà wọ́ nílẹ̀ bí ejò kí wọ́n má baà rí i ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọkọ̀ wọn wá ga fíofío. Ọkọ̀ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan títì, òun gan-an ló máa fàyà wọ́lẹ̀ láti Pápálantó dé ẹnu ọ̀nà ilé mi.

Bí ẹ bá wá bi mí pé ọkọ̀ eré wo ló bá ilẹ̀ wa mu, mo ní ìdáhùn, ẹ̀rín ni ẹ sì máa kọ́kọ́ fi gbà á. Píjò 504 ni. Àwọn ará Faransé gbé e jáde lọ́dún 1968, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ti wa ní Kaduna lọ́dún 1975. Lọ́dún 1975 yẹn kan náà ni Ove Andersson fi 504 gba ipò kìíní nínú Safari Rally ní Kenya, ìdíje tó jẹ́ pé ẹrẹ̀, eruku, àti kòtò ni pápá rẹ̀. Ó di ọdún 1978, Jean-Pierre Nicolas fi 504 onílẹ̀kùn méjì tún gba Safari, ó sì tún gba Bandama ní Côte d'Ivoire lọ́dún kan náà. Ẹni tí kò bá mọ Bandama, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó fi mọ̀ ọ́n: lọ́dún 1972, kò sí ọkọ̀ kankan tó parí ìdíje náà. Kò sí ẹyọ kan. Ilẹ̀ tó gbé irú ẹ̀ kò jìnnà síbí, Benin, Togo, Ghana, ẹ ti débẹ̀.

Kí ló wà lẹ́sẹ̀ Píjò yẹn? Sípíríǹgì tó rọ̀, tó gùn. Ṣọ́ọ̀kì tí ilé iṣẹ́ Peugeot ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, wọn kì í rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ti ọkọ̀ ilé, oníkálukú ló ń dá rìn. Bí ti ọ̀tún bá já sí kòtò, ti òsì kò ní mọ̀. Èyí tí wọ́n fi ń kó èrò, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ọ̀pá kan ṣoṣo ló so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, sípíríǹgì mẹ́rin sì ló gbé e, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí: bó bá yà, á tẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹ̀ á rò pé ó fẹ́ dùbúlẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sì ní kúrò nílẹ̀. Àwọn awakọ̀ tó ń ná Ìlaròó sí Èkó nígbà náà kò ka ìwé kankan lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń tẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ tó fẹ́ dojú dé. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ tí ọ̀dọ́ tó ń wo fídíò orí fóònù kò tíì gbà.

Mo ní láti dúró díẹ̀ lórí gígé sípíríǹgì, torí pé àwọn ọmọ wa ti ń ṣe é. Wọ́n á fi ẹ̀rọ gé òrùka kan kúrò lórí sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè lọ sílẹ̀. Àwọn mìíràn kò tiẹ̀ yọ ọ́ síta, iná gáàsì ni wọ́n á yọ sí i títí á fi rọ̀, tí ìwúwo ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ti iná yẹn, ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹ̀ rárá. Irin tí iná ti gba agbára rẹ̀ á dá lọ́jọ́ kan, kò sì ní sọ fún yín tẹ́lẹ̀. Ti gígé, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bí òrùka tó ń ṣiṣẹ́ lára sípíríǹgì bá jẹ́ 6, tí ẹ gé 1, ó kàn fi ìdá 20 nínú 100 le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni. Àmọ́ ọkọ̀ ti wálẹ̀ gan-an, àyè tó fi ń lọ sókè sódò lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ẹ ti gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, agbára tí ẹ fún un kò tó o. Gbogbo kòtò ló máa di gbì! Ẹni tó bá fẹ́ kí sípíríǹgì le lóòótọ́, kó wo bí irin rẹ̀ ṣe nípọn. Irin oní-mìlímítà 12, bí ẹ bá fi ti 13 rọ́pò rẹ̀, tí gbogbo ìyókù rí bákan náà, á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìdá 38 nínú 100. Mìlímítà kan péré! Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ra sípíríǹgì ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó pẹ̀lú ojú lásán. Ẹ mú ìwọ̀n dání. Rọ́bà tí àwọn mìíràn máa ń há sáàárín òrùka kí ọkọ̀ lè ga, iṣẹ́ ìkà ni òun náà. Òrùka tí rọ́bà há mọ́ kò lè ṣiṣẹ́, èyí tó kù á máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ àti ti èyí tó há, títí á fi dá.

Páálí dé. Mo gbé e sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mẹkáníìkì mi, bàbá kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ṣí i, ó wo sípíríǹgì pupa tó wà níbẹ̀, ó wo ṣọ́ọ̀kì tó ń dán, ó sì pa páálí náà dé. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ fi jáàkì gbé BMW sókè.

Ó mú irin gbọọrọ kan, ó ki í bọ àárín apá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú àti ṣáàsì, ó rọra wọ̀n ọ́n. Apá náà rìn. Kò yẹ kó rìn. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Rọ́bà bọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀ ti là káàkiri bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́, mo rí ìmọ́lẹ̀ òdìkejì láàárín rẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn, bákan náà ló rí. Ó fi ìka nu ara ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún, eruku tó wà níbẹ̀ ti po mọ́ epo, ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí àmàlà. Ó fi han èmi, ó fi han ọmọ iṣẹ́, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Ó ní, "Ẹsẹ̀ tí eegun rẹ̀ ti yẹ̀, ẹ ní kí n wọ bàtà tuntun fún un."

Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ dáadáa. Bí bọ́ọ̀ṣì àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì bá ti jẹ, ẹ fi ẹsẹ̀ tó wọ́n jù láyé sí i, táyà kò ní mọ ibi tó ń kọjú sí. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, yóò ya. Bí ẹ bá fún un níná, yóò ya. Gbogbo aláínmẹ̀ntì tí ẹ bá ṣe á bàjẹ́ kí ẹ tó délé. A pààrọ̀ gbogbo bọ́ọ̀ṣì. Rọ́bà lásán la lò. Oríṣi kan tó le bí ìsàlẹ̀ bàtà wà tí àwọn ará pápá fẹ́ràn, kì í jẹ́ kí nǹkan kan yẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ bí kò bá rí gíríìsì ó máa ń han, gbogbo gbígbọ̀n títì ló sì máa ń gbé wá bá èèyàn nínú ọkọ̀. A fi ṣọ́ọ̀kì tuntun sí i, irú èyí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, pẹ̀lú sípíríǹgì gíga rẹ̀ àtijọ́. Lẹ́yìn ìyẹn la gbé e lọ ṣe aláínmẹ̀ntì oníkọ̀ǹpútà ní Sàngó-Ọtà.

Ti Mazda ọmọ náà ńkọ́? Mi ò ní kó má fi ẹsẹ̀ eré sí tiẹ̀. Ibi tó ń gbé e lọ bá a mu. Mo kàn ní kó má rẹ̀ ẹ́ ju sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ. Kó ra táyà tó dáa kó tó ra ohunkóhun, torí táyà ló ń kan ilẹ̀. Kó ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀, kó máa kọ iye ìgbà tó yí orí ṣọ́ọ̀kì: iye kan fún pápá, iye kan fún ọjọ́ Ajé, kó má sì yí méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí kò ní mọ èyí tó mú àyípadà wá. Kí ó sì ṣọ́ra fún sítébíláísà ẹ̀yìn. Bí ẹ bá mú iwájú le jù, iwájú ló máa kọ́kọ́ yọ̀, ọkọ̀ kò ní fẹ́ yà. Ẹ̀rù á bà yín, ẹ ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, yóò sì padà bọ̀ sípò. Bí ẹ bá mú ẹ̀yìn le jù, ìdí ni yóò yọ. Gbígbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lẹ́ẹ̀kan náà ló sì máa sọ ọ́ di oko ẹ̀gẹ́. Ní Brands Hatch, ìṣẹ́kọ́nà àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní Paddock Hill, ọ̀nà ibẹ̀ ń yà sọ́tùn-ún ni, ó sì ń já wálẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ kí èèyàn ti lọ mọ̀ pé ìdí ọkọ̀ òun fúyẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo gbé BMW náà jáde. Mo gba ọ̀nà Pápálantó lọ, mo gbà á padà. Mi ò sáré, mo ti dàgbà. Mo gbé fóònù sórí àga ẹ̀gbẹ́ mi, mo jẹ́ kó gba ohùn sílẹ̀ bí mo ṣe ń kọjá lórí gálọ́ọ̀pù kan tí gbogbo ẹni tó mọ ọ̀nà yẹn mọ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí London.

Kò pẹ́ tó fi pè mí. Ó ní, "Bàbá Kékeré, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀ o. Àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?"

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́, mo ti gba orí gálọ́ọ̀pù kọjá nínú ẹ̀ nígbà mẹ́ta.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bi mí pé èló ni mo rò pé wọ́n máa ra páálí náà ní Ládípọ̀.